Iṣẹ́ Inú Fóònù

Tíì tí ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi máa ń sè ní àdúgbò Kabala Costain kì í ṣe fún mímu. Bébà ló ń rẹ sínú rẹ̀, kó lè dà bíi ti ayé àtijọ́, á wá sá a sórí okùn aṣọ. Tó bá gbẹ, á ya ẹyẹ tàbí òdòdó sí i, á ya fọ́tò rẹ̀, á sì ta fọ́tò náà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá rà á ló máa tẹ̀ ẹ́ jáde fúnra rẹ̀, kó gbé e kọ́ sára ògiri.

"Haba! Ṣé ọjà nìyẹn?" làwọn ará ilé máa ń bi í.

"Mò ń tà á, wọ́n ń rà á. Kí ló tún kù?"

Lọ́jọ́ ìkórè, kálukú gbé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ wá síwájú pẹpẹ fún àdúrà. Fóònù nìkan ni ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi mú dání. Ṣọ́ọ̀ṣì bú sẹ́rìn-ín. Alàgbà kan ní kó lọ jókòó.

"Ọwọ́ yìí ni mo fi yà á, sà. Mi ò lọ ibì kankan."

Ìgbà tí ẹ̀rín tán lẹ́nu wọn, pásítọ̀ rọra na ọwọ́ sí orí rẹ̀. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi yẹ orí kúrò, ó sì gbé fóònù sábẹ́ ọwọ́ pásítọ̀.

"Ọjà mi ni kẹ́ ẹ gbàdúrà fún, sà. Nǹkan kan ò ṣe orí mi."