Ọkọ̀ Tó Dọ̀bálẹ̀ fún Ẹ̀gbọ́n Bàbá Mi

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó ń ta obì ní Ṣàgámù kórìíra mi, èmi náà ò sì fẹ́ràn rẹ̀. Ẹjọ́ mi tó ń rò kiri ẹbí ni pé mi ò dọ̀bálẹ̀ kí òun. Bẹ́ẹ̀, òun ló pe ọkọ̀ akẹ́rù mi ní pàǹtírí lójú ọjà.

Mo yọ sípíríǹgì ọkọ̀ náà, mo fi jáàkì rọ́pò wọn. Pọ́ǹpù tí mo tú lára típà tó ti kú ní Simawa ló ń ti ọ́ìlì sínú jáàkì, tí ara ọkọ̀ fi ń gbéra sókè, tó sì ń wálẹ̀ bí mo bá tẹ bọ́tìnnì. Nígbà tó ṣiṣẹ́, ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni mo wà á lọ tààrà. Mo tẹ bọ́tìnnì. Ọkọ̀ rọra wálẹ̀ títí ikùn rẹ̀ fi kanlẹ̀.

Mo ní, "Ó ti dọ̀bálẹ̀ fún yín, sà. Ẹ má retí tèmi."

Ó ní kí n gbé e kúrò, pé àwọn tó ń kó obì wọlé ò rọ́nà gbà. Mo tún tẹ bọ́tìnnì, ọkọ̀ ò mira. Họ́ọ̀sì pọ́ọ́kú tí mo rà fún ọ́ìlì láti gbà dé jáàkì ti bẹ́, ọ́ìlì sì ń ṣàn lọ sábẹ́ ilẹ̀kùn rẹ̀. Mo yọ kọ́kọ́rọ́ mi.

"Àgbà tí wọ́n dọ̀bálẹ̀ fún ló máa ń ní kí wọ́n dìde," ni mo wí. "Ẹ ní kó dìde."