Iyanrìn Òde-Omi Lẹ́yìn Mi

Mo tóbi. Mi ò ní torí ìrẹ̀lẹ̀ fi ìyẹn pamọ́. Nígbà tí irùngbọ̀n mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù, kò sí ọ̀dọ́kùnrin kan láti Òrù dé Ìjẹ̀bú-Igbó tí yóò bá mi ja ìjàkadì tí ẹ̀yìn rẹ̀ kò ní kan ilẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin ló kọ́ mi. Epo ni bàbá náà ń ṣe jẹun ní Àgọ́-Ìwòyè, inú ẹkù rẹ̀ ló sì ti kọ́ mi, níbi tí wọ́n ti ń fi ẹsẹ̀ tẹ ẹyìn bíbọ̀ títí epo yóò fi jáde. Bí mo bá ń tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, bàbá á yọ́ wá, á sì tì mí. Bí mo bá ṣubú, epo ni mo fi ń wẹ̀, ìyá mi a sì bú àwa méjèèjì nítorí aṣọ. Nígbà tó yá, mi ò ṣubú mọ́.

Lẹ́yìn tí òyìnbó fi ìbọn ṣí ọ̀nà Ìjẹ̀bú ni wàhálà dé. Àwọn ẹlẹ́gbẹ́ mi, àwa tí a jọ dàgbà, wá ń tajà lọ títí dé etí ọ̀sà, wọ́n sì rí àwọn oníjàkadì Òde-Omi. Láti ìgbà náà, wọn ò jẹ́ kí n sinmi. Wọ́n ní ọlọ́kọ̀ ojú omi kan wà níbẹ̀ tó ń kọ́ni ní ìjàkadì lórí iyanrìn, pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló yẹ kí irú mi wà.

Olórí ẹgbẹ́ wa wá sílé, ó jókòó sórí ẹní ìyá mi bí ẹni tó wá tọrọ ìyàwó.

"O ti ju ẹkù lọ," ó ní. "Ẹsẹ̀ bàbá yẹn ti wú, kò lè bá ọ jà mọ́. Kí ló kù tó fẹ́ kọ́ ọ?"

"Èyí tó kọ́ mi kò tíì tán lára mi."

"Ìlú ló ni ọ́, kì í ṣe elépo."

"Ìlú kò sí nínú ẹkù nígbà tí mo ń ṣubú."

Inú bí mi débi pé mi ò sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Àṣé wọ́n ti bá ọlọ́kọ̀ náà ṣàdéhùn láìbi mí léèrè: n ó bá ọmọ ẹ̀kọ́ rẹ̀ jà ní Òde-Omi, bí mo bá sì ṣubú, n ó di tirẹ̀. Láàárín àwa oníjàkadì, olùkọ́ ẹni ló ń gbọn iyẹ̀pẹ̀ kúrò lẹ́yìn ẹni tó bá ṣubú. Ẹlòmíràn tó bá gbọ̀n ọ́n ti gba onítọ̀hún nìyẹn.

Mo lọ sọ fún bàbá. Mo rò pé yóò fárígá. Ńṣe ló na ẹsẹ̀ wíwú náà sínú oòrùn.

"Wo yún," ó ní, pé kí n máa lọ. "Ọlọ́kọ̀ yẹn mọ iṣẹ́. Mèé lé ẹ o, mo tú ẹ sílẹ̀ ni."

Ó dùn mí wọ eegun.

"Bàbá, ẹ ò so mí. Kí lẹ fẹ́ tú?"

Mo lọ sí Òde-Omi, kí wọ́n má baà ní ẹ̀rù ń bà mí. Mo sì ṣubú. Ilẹ̀ tó ń yọ̀ ni ẹsẹ̀ mi mọ̀, kò mọ ilẹ̀ tó ń gbé ẹsẹ̀ mì. Ọmọ ọlọ́kọ̀ náà gbé mi nígbà tí mo ṣì ń wá ibi tí n ó tẹ̀, gbogbo ẹ̀yìn mi sì lẹ̀ mọ́ iyanrìn tútù.

Ọlọ́kọ̀ náà wá bá mi. Ẹni iyì ni, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. "Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú," ó ní, ó sì na ọwọ́ sí ẹ̀yìn mi.

Mo yẹ̀ fún un. "Ẹ má bínú, bàbá. Ẹ̀yìn yìí ní ẹni tó ni ín."

"Àdéhùn wa ńkọ́?" olórí ẹgbẹ́ wa pariwo.

"Ẹ̀yin lẹ ṣe é. Ẹ̀yin náà ẹ lọ ṣubú."

Nígbà tí à ń padà sílé, mi ò fara ti nǹkan kan nínú ọkọ̀ ojú omi, kí iyanrìn náà má baà kúrò. Mi ò wẹ̀. Ikùn ni mo fi sùn. Nígbà tí òjò ṣú, mo já ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bo ẹ̀yìn. Àwọn ẹlẹ́gbẹ́ mi ń lọ níwájú, wọn ò bá mi sọ̀rọ̀. Abúlé tí wọ́n bá ti bi mí pé kí ló wà lẹ́yìn mi, ohùn òkè ni mo fi ń dáhùn: "Mo ṣubú ní Òde-Omi!" Kí ni mo fẹ́ máa tijú sí?

Bàbá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹkù nígbà tí a dé. Mo kúnlẹ̀, mo kọ ẹ̀yìn sí i.

"Kí rè é?"

"Iyanrìn Òde-Omi, bàbá."

 Àwọn ẹlẹ́gbẹ́ mi dúró, wọ́n ń wò wá. Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù tó bà mí, nítorí bí kò bá gbọ̀n ọ́n, mi ò ní olùkọ́ mọ́ láyé. Ó pẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ tó dé. Ó kọ́kọ́ gbá mi lábàrá kan tó dùn mí ju ìṣubú náà lọ, lẹ́yìn náà ló wá ń gbọ̀n ọ́n díẹ̀díẹ̀, títí ó fi tán.

"Yún bu iyanrìn lódò," ó ní. "Kí wo dà á kún inú ẹkù, kí ẹsẹ̀ ẹ lè mọ̀ ọ́n."

Ẹkù tí iyanrìn bá ti wọ̀ kò ṣe é tẹ epo mọ́. Èmi mọ̀ bẹ́ẹ̀, òun náà mọ̀. Mo wo ojú rẹ̀, kò gbé e kúrò. Mo gbé agbọ̀n, mo sì lọ sódò.