Ìwé Ìpè Tí Ìyá Mi Kọ sí Ẹ̀gbọ́n Ọkọ Rẹ̀

Ẹni tó bá rò pé ìjà ò sí nínú ìwé ìpè ìgbéyàwó, kó wá bi mí. Ìṣojú mi ni àpò ìwé funfun kan ti fa ẹ̀jẹ̀ lẹ́nu ọkùnrin, tó sì fọ́ fèrèsé ilé onílé.

Láàárín àwa ará Ìlọrin tí wọ́n bí sí Sabon Gari ní Zaria, àpò ìwé ní òfin tirẹ̀. Ẹni tó bá ti lọ Mẹ́kà, Alhaji tàbí Hajia gbọ́dọ̀ ṣáájú orúkọ rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò dá ìwé náà padà. A kì í fi bírò pupa kọ ọ́. Olóbìnrin púpọ̀, "pẹ̀lú àwọn ìyàwó yín" la máa ń kọ sí i, kí ilé rẹ̀ má baà dàrú. Ṣùgbọ́n òfin tó ga jù ni pé a kì í kọ ìwé sí ẹbí. Ẹbí ló ni ìgbéyàwó. Ẹsẹ̀ la fi ń lọ bá wọn, pẹ̀lú obì gooro àti súìtì nínú ọ̀rá, a ó kúnlẹ̀, a ó sì fi ẹnu sọ ọ́. Àlejò ni ìwé wà fún.

Ìyá mi mọ òfin yìí ju ẹnikẹ́ni lọ. Ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ dára tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn aládùúgbò fi ń bẹ̀ ẹ́ kó bá wọn kọ tiwọn.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fẹ́ lọ́kọ, bàbá wa ti kú. Ẹ̀gbọ́n bàbá wa, oníṣòwò aṣọ tó ń gbé ní Danmagaji, ni walíyì tó máa fa ọmọ lé ọkọ lọ́wọ́. Bàbá là ń pè é. Láti ọjọ́ tí a ti ṣe fìdáù bàbá wa, kò tẹsẹ̀ bọ ilé tí a háyà ní Hayin Dogo mọ́. Ààwẹ̀ dé, ààwẹ̀ lọ, a ò rí i. Ìyá mi jókòó lọ́jọ́ kan, ó mú bírò, ó kọ orúkọ Bàbá sára àpò ìwé.

Ó di àpò ìwé náà sínú ọ̀rá dúdú, ó fún ọkọ ìyàwó, ọmọ Ọ̀yọ́ tó ń ṣe olùkọ́ ní yunifásítì, ó ní kó gbé e fún Bàbá. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi bá a lọ. Ọmọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e kalẹ̀.

Bàbá wo orúkọ ara rẹ̀ lára ìwé náà títí.

"Ìwé? Èmi lẹ kọ ìwé sí?"

Ọkọ ìyàwó ò tíì dìde tán tí ìgbájú fi bá a. Ètè rẹ̀ là. Ẹ̀jẹ̀ ta sí kàfùtánì funfun rẹ̀.

"Kai! Ni ne baƙo? Èmi ni àlejò? Èmi tí mo fọwọ́ ara mi wẹ òkú àbúrò mi!"

Ó ya ìwé náà pẹ́rẹpẹ̀rẹ, ó ju àpótí ìjókòó, dígí fèrèsé sì fọ́ yángá. Àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ méjì sáré wọlé, wọn ò bèèrè ohunkóhun, wọ́n gbá ọkọ ìyàwó lọ́rùn mú, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ gbá a níhà. Ẹ̀gbọ́n mi ń pariwo, ó rọ̀ mọ́ ẹsẹ̀ ọ̀kan nínú wọn. Bàbá wá gbé ọ̀pá sókè lórí ọmọ ọlọ́mọ. Mo fò mọ́ apá rẹ̀, mo sì gé e jẹ títí iyọ̀ ẹ̀jẹ̀ fi kan ahọ́n mi.

Ìgbà yẹn ni ìyá mi wọlé. Ó ti gun kẹ̀kẹ́ tẹ̀lé wa, nítorí ó mọ ohun tó rán.

"Ẹ fi í sílẹ̀! Èmi ni mo kọ ọ́!"

Ó fa ọmọ odó yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó là á mọ́ ìkòkò omi wọn. Omi ṣàn bo àfọ́kù dígí àti ìwé tó ya.

"Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́, Bàbá. Ẹ wà lọ́jà, orí tiwa sì wọ́! Ẹ̀ ń gba ẹnu ọ̀nà wa kọjá lọ ra àgbàdo ní Basawa, ẹ ò yà. Àlejò ni yín. Mo kọ ọ́ dáadáa, mo sì fi Alhaji sí i."

Ọ̀pá bọ́ lọ́wọ́ Bàbá.

"Wallahi, o ò ní rí walíyì. Jáde nílé mi."

Ìmáàmù sọ fún wa pé òun ò lè so yìgì láìsí Bàbá, nítorí walíyì ṣì wà láàyè. Àwọn ará Ọ̀yọ́ sì ti wà lọ́nà. Ẹ̀gbọ́n mi ò jẹun, ìyá mi sì kọ̀ láti bẹ̀bẹ̀. Inú bí mi sí àwọn àgbà méjèèjì. Ọ̀kan fi ọwọ́ luni, èkejì fi bírò, ara ẹ̀gbọ́n mi sì ni gbogbo rẹ̀ ń balẹ̀ sí.

Lọ́jọ́ yìgì, àwa obìnrin dúró lẹ́yìn fèrèsé mọ́ṣáláṣí. Ìmáàmù bèèrè walíyì. Ni Bàbá bá wọlé, báńdéèjì lápá.

"Alhaji," Ìmáàmù ní, "a gbọ́ pé ìwé ni wọ́n fi pè yín."

Bàbá tú báńdéèjì náà, ó na apá rẹ̀ sókè kí gbogbo èèyàn lè rí i.

"Eyín ọmọ mi nìyí. Àlejò wo ni wọ́n ń gé jẹ báyìí?"

Ó na ọwọ́ sí ọkọ ìyàwó. Ọmọ náà kọ́kọ́ fà sẹ́yìn, ó ń dáàbò bo ètè rẹ̀, kó tó gbà á.

Nígbà tí a délé, wọ́n ń pín oúnjẹ fún àwọn àlejò lábẹ́ tápólì níta. Bàbá dúró lẹ́nu géètì, kò mọ ibi tí yóò jókòó sí. Ìyá mi ò wo ojú rẹ̀. Ó kàn bu oúnjẹ, ó gbé e lé mi lọ́wọ́.

"Gbé e lọ sínú yàrá fún un," ó ní. "Ta ló ń jẹun níta ilé ara rẹ̀?"