Aṣọ Ọmọ Tí Wọ́n Pè Ní Eégún

Àwọn tó ń kọ́lé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé mi ní Aké ya àpò sìmẹ́ǹtì kan láàárọ̀ àná, ìró rẹ̀ sì gba ojú fèrèsé wọlé bá mi níbi tí mo ti ń mu ògì. Fààà! Ẹ̀rín pa mí débi pé ògì fẹ́ gba imú mi jáde. Ọmọbìnrin tó ń gbé lọ́dọ̀ mi sáré wá, ó rò pé nǹkan ti ṣe màmá. Báwo ni mo ṣe fẹ́ là á yé e pé bébà àpò sìmẹ́ǹtì ló mú kí ìyá bàbá mi, Alhájà tó ti fẹsẹ̀ tẹ Mẹ́kà, fi bàtà ẹsẹ̀ kan ṣoṣo sáré wọ yàrá, tó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ra? Ẹ̀yin ọmọ òde òní, ẹ jókòó, ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín.

Ilé oníṣòwò aṣọ ni wọ́n bí mi sí, nínú agboolé kan tí kò jìnnà sí Aké. Alhájà ní ìsọ̀ ní Ìtòkú, àdìrẹ ló ń tà, àǹkárá náà sì kún ibẹ̀ dé òrùlé. Bí ó bá ti ń sọ̀rọ̀ aṣọ, kì í rẹ̀ ẹ́. Ohun kan ló sì wà tí kò lè fojú rí: àbùlẹ̀. Bí ìró ìyàwó ilé kan bá ya lówùúrọ̀, tí ó sì lẹ̀ ẹ́, Alhájà á bọ́ ọ lára rẹ̀ kí oòrùn tó kan àtàrí, á fún un ní tuntun, á sì bú u mọ́ ọn. Á ní, "Ṣé kí wọ́n lè ní a ò rí aṣọ wọ̀ nílé aláṣọ?" Àwọn ìyàwó ilé kan wà tó jẹ́ pé ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi ń ya ìró wọn. N ò dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Màámi ni ìyàwó tó kéré jù. Lẹ́yìn tó bí mi, ọmọ kò tún dé mọ́ fún ọdún púpọ̀. Àwọn èèyàn bèèrè títí, ó sú wọn, wọ́n wá ń fi ojú bèèrè. Nígbà tí oyún wá dúró, ayọ̀ náà pọ̀ lára mi ju bí mo ṣe lè gbé e lọ. Mo búra nínú ọkàn mi pé lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń sọ ọmọ náà lórúkọ, ohun tí mo fi ọwọ́ ara mi ṣe ni wọ́n máa fi wé e. Kò sí ohun mìíràn tí mo fẹ́ láyé ní ọdún yẹn.

Ní ilé-ìwé wa nígbà náà, a máa ń ṣe iṣẹ́ ọwọ́. Tíṣà tó ń kọ́ wa, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí a ń pè ní Mìsíìsì, ló kọ́ wa bí a ṣe ń fi òwú wúùlù hun fìlà àti ìbọ̀sẹ̀ ọmọ. Kò sí abẹ́rẹ́ ìhunṣọ lọ́wọ́ wa. Igi ìgbálẹ̀ ni. A máa ń yan èyí tó le jù nínú ìgbálẹ̀ ilé, a ó fi àfọ́kù ìgò fá a títí á fi dán, a ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í hun. Ní sáà yẹn, gbogbo ìgbálẹ̀ àdúgbò wa ló rù. Ìyá tó bá fẹ́ gbálẹ̀ á kọ́kọ́ wá ọmọ rẹ̀ nà.

Fìlà ni mo kọ́kọ́ dáwọ́ lé fún ọmọ náà. Mo hun ún, mo hun ún. Ohun tí n kò mọ̀ ni ibi tí à ń dúró. Nígbà tí mo gbé e dé ọ̀dọ̀ Màámi, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó wá gbé e bo ọmọ odó tó fara ti ògiri. Ó ṣe géérégé. Màámi rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikùn mú, ó ní kí n má pa òun.

Mìsíìsì gba òwú lọ́wọ́ mi. Ó ní, "Òwú ò gbọ́ tìẹ. Wá kọ́ èyí." Ló bá kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fi bébà to ìrépé aṣọ pọ̀. Ẹ ó gé bébà tó le sí onígun mẹ́fà, bí ojú ilé oyin, gbogbo rẹ̀ á dọ́gba. Ẹ ó da ìrépé aṣọ bo bébà náà, ẹ ó ṣẹ́ etí aṣọ sẹ́yìn, ẹ ó sì fi òwú dì í mú. Bí ẹ bá ti ní púpọ̀, ẹ ó máa rán etí ọ̀kan mọ́ etí èkejì, ọ̀kan pupa, ọ̀kan aró, ọ̀kan olómi-ọsàn, títí á fi tẹ́ rẹrẹ. Ẹ̀yìn ìyẹn lẹ ó wá yọ bébà kúrò. Bébà tó le tó bẹ́ẹ̀ kò sí níbi kankan àfi lára àpò sìmẹ́ǹtì, mo sì rí i he níbi tí wọ́n ti ń ṣe ilé. Ìrépé aṣọ ńkọ́? Télọ̀ tó wà lẹ́nu ọ̀nà wa ń gbá a dànù ni.

Èyí tí mo ti rán pọ̀ kò tíì ju àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ nígbà tí Alhájà ká mi mọ́ ìdí rẹ̀.

"Áùsùbílà! Kí lèyí?"

Mo ní aṣọ ọmọ Màámi ni.

"Àkísà! Ọmọ tí a retí tó báyìí, àkísà lo fẹ́ fi kí i káàbọ̀? Kí òṣì lè mọ̀ ọ́n lójú? Gbọ́ mi dáadáa o: bí mo bá tún rí nǹkan yìí, iná ni n ó sọ ọ́ sí."

Alhájà kì í búra lásán. Mo gbé iṣẹ́ mi lọ sí ilé ìdáná ẹ̀yìnkùlé, mo fi í pamọ́ sẹ́yìn igi ìdáná, mo sì ń rán an níkọ̀kọ̀. Ẹ sì mọ̀ mí. Bí mo ṣe hun fìlà náà ni mo ṣe rán èyí, n ò mọ ibi tí à ń dúró. Kí n tó wò yíká, ó ti tóbi tó ohun tí màlúù lè fi bora.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, nígbà tí àwọn ọkùnrin ti lọ kírun Màgáríbì, òjò ṣú. Òrùlé ilé ìdáná yẹn ń jò. Mo mọ̀ pé bí omi bá fi lè kan bébà inú aṣọ mi, ó parí. Mo sáré gbé e jáde. Bí mo ti dé àárín àgbàlá ni mo gbọ́ bàtà Alhájà: pàá, pàá, pàá. Mo da gbogbo aṣọ náà bo orí, mo lúgọ sí ẹ̀gbẹ́ kànga. Lójú tèmi, bí n ò bá ti rí Alhájà, Alhájà kò lè rí mi.

Ìyá Ràṣídà, ará ilé wa tó ń ta ọṣẹ, ló kọ́kọ́ dé ibẹ̀ pẹ̀lú korobá. Ohun tó rí ni nǹkan kan tí kò lójú, tí kò nímú, tí ìrépé aṣọ oríṣiríṣi bò láti òkè dé ilẹ̀, tó sì ń dún fàà-fàà bó ti ń mí. Ẹ̀yin náà ti rí ẹ̀kú, aṣọ tí eégún ń gbé jáde. Ìrépé lórí ìrépé ni. Ó yẹ kí n má dá ìyá náà lẹ́bi.

"Eégún! Eégún ń bẹ nílé onímọ̀le o! Yéè! Ẹ gbà mí!"

Korobá lọ, ọṣẹ lọ, Ìyá Ràṣídà lọ. Àwọn ìyàwó ilé fọ́n ká bí adìyẹ tó rí àṣá. Mo ti gbọ́ nípa ẹsẹ̀ tó ń dun Alhájà láti kékeré mi, ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, kò sí ọmọdé tó lè bá a. Bàtà rẹ̀ kan ṣẹ́kù lójú ọ̀nà. Ilẹ̀kùn rẹ̀ dún gbàà, a sì gbọ́ tó ń ké Súbùhánàlà láti abẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Màámi nìkan ni kò lè sá. Oyún ti wúwo. Ó jókòó lórí àpótí rẹ̀, ó wo eégún náà láti òkè wá sílẹ̀, ojú rẹ̀ sì dúró sí ìsàlẹ̀.

"Eégún," ó wí jẹ́jẹ́, "ta ló ní kí o wọ bàtà ilé-ìwé rẹ lọ sídìí kànga?"

Ẹ̀rín ni à bá fi parí ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n Ìyá Ràṣídà ti gba ẹ̀yìnkùlé jáde, ẹnu rẹ̀ sì ti ṣíwájú rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Bàbá Ọ̀jẹ́lékè ti dúró lẹ́nu ọ̀nà wa. Àgbẹ̀ ni, ó ń dáko ní abúlé kan lọ́nà Òṣíẹ̀lẹ̀, òun sì ni olórí àwọn eléégún àdúgbò wa. Ọwọ́ Alhájà ló ti ń ra aṣọ, ọwọ́ rẹ̀ ni Alhájà ti ń ra iṣu. Ó mú àgbà méjì dání, gbogbo ojú ọ̀nà sì ti kún fún àwọn tó wá wòran.

"Alhájà, ẹ kú àárọ̀ o."

"Ẹ kú àárọ̀, Bàbá. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta."

"Wọ́n ní ẹ ti dara pọ̀ mọ́ wa."

Ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀síbáà fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ Alhájà.

"Wọ́n ní ẹ ń rán ẹ̀kú níhìn-ín. Kò burú. Ṣùgbọ́n awo ni, a kì í dá a rán. Ẹ̀ bá ti ránṣẹ́ sí wa."

Alhájà wo àwọn èrò, ó wo aṣọ mi tí wọ́n ti gbé jáde tẹ́ sílẹ̀ lójú gbogbo ayé. Mo rí i tó ń rò ó. Bí ó bá ní àkísà ni, a jẹ́ pé àkísà wà nílé aláṣọ. Bí ó bá dákẹ́, a jẹ́ pé eégún ni, àwọn alùfáà á sì gbọ́. Ó gbá orí gèlè rẹ̀ mú.

"Ẹ̀kú wo? Aṣọ ọmọ nìyí! Èmi ni mo ní kí wọ́n rán an fún ọmọ-ọmọ mi. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, gbogbo yín lẹ máa rí i lára rẹ̀!"

Mo la ẹnu. Màámi tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀.

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Láti ọjọ́ náà, Alhájà kò jẹ́ kí n rímú mí. Ó gbé àga rẹ̀ sẹ́yìn mi, ó ń jẹ obì, ó ń bú abẹ́rẹ́ mi pé ìgbín yá jù ú lọ. Ó tẹ́ aṣọ náà sílẹ̀, ó rí i pé igun kan gùn, igun kejì kúrú. Ó pàṣẹ pé kí n tún un ṣe kó dọ́gba, nítorí ojú gbogbo Aké ti wà lára rẹ̀. Ẹ̀rù wá bà mí gan-an, nítorí kí n tó ṣe ìdajì, Màámi ti bímọ. Ọkùnrin ni. Ọjọ́ kẹjọ ni ìsọmọlórúkọ, kò sì sí ìrépé mọ́ lọ́wọ́ télọ̀.

Ni àwọn obìnrin ilé bá gbà mí. Ọ̀kan gé etí ìró rẹ̀, èkejì mú apá bùbá ìgbéyàwó rẹ̀ wá. Ìyá Ràṣídà mú méjì wá, ó ní kí a lè mọ̀ pé ẹ̀rù kò ba òun. Ìyàwó Bàbá Ọ̀jẹ́lékè fi kíjìpá ìyá rẹ̀ ránṣẹ́ láti oko. Alhájà nìkan ni kò mú nǹkan kan wá. Ó ní òun ò ní aṣọ tó ya. Àwọn ìyàwó ilé jókòó tì mí, a ń rán, a ń fa bébà sìmẹ́ǹtì yọ lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ń fi mí ṣe ẹlẹ́yà, wọ́n ń pè mí ní Ìyá Eégún.

Ó parí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹjọ. Alùfáà ṣàdúà, wọ́n sọ ọmọ lórúkọ, Alhájà fúnra rẹ̀ sì fi aṣọ náà wé e, ó gbé e jáde. Bàbá Ọ̀jẹ́lékè tẹjú mọ́ ọn. Ó ní, "Háà! Eégún tó ń mu ọmú nìyí!" Gbogbo ilé wó lulẹ̀ fún ẹ̀rín, títí kan alùfáà. Àwọn obìnrin wá rọ́ bo ọmọ, kálukú ń na ìka: "Tèmi nìyí!" "Wo bùbá mi!" "Kíjìpá ìyá mi rè é o!" Kò sí ẹni tó rántí pe nǹkan kan ní àkísà mọ́.

Nígbà náà ni mo rí Alhájà. Ó ń wo aṣọ náà láti etí dé etí. Ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún. Ohùn rẹ̀ kéré débi pé èmi tí mo wà nítòsí nìkan ló gbọ́ ọ.

"Tèmi dà?"

Àánú rẹ̀ ṣe mí, àfi bíi pé kí n sunkún. Ó gbé ọmọ fún Màámi, ó wọ yàrá. Nígbà tó jáde, igun àdìrẹ ẹlẹ́kọ kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, èyí tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ya ọnà sí, tó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ rẹ láró nígbà tó wà ní ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé. Èyí tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn ni ó gé.

"Lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Àárín ni o."

Kò sí àyè ní àárín mọ́. Orí àwọn yòókù ni mo rán an mọ́, àbùlẹ̀ gidi. Òun nìkan ni àbùlẹ̀ tó wà lára aṣọ náà, Alhájà sì ń fi han gbogbo ẹni tó bá wọlé.

Alhájà ti lọ, kí Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ ẹ. Màámi náà ti tẹ̀lé e. Àbúrò mi ti di bàbá oníkùn, aṣọ náà wà lọ́dọ̀ rẹ̀, kò sì gbà kí n mú un lọ sílé mi. Ìrépé púpọ̀ ti gbó dànù lára rẹ̀, ṣùgbọ́n aró ti Alhájà ṣì dúdú minimini. Mo gbọ́ pé àwọn ọmọ yunifásítì ní Alábàtà ń rán ìrépé aṣọ pọ̀ báyìí, pé oge ni, owó gọbọi sì ni wọ́n ń tà á. Bí Alhájà bá gbọ́ ìyẹn, á dákú, á jí, á sì bèèrè pé èló. Ìgbálẹ̀ ilé kò rù mọ́, nítorí kò sí ọmọ tó ń hun fìlà. Ọjà ni a ti ń ra gbogbo ohun tí a fi ń gba ọmọ, ó mọ́, ó rọ̀, kò sì sí ọwọ́ ẹnì kankan lára rẹ̀. Mo ti máa ń rò pé ayé ló yí, pé kò kan ẹnikẹ́ni mọ́.

Ní oṣù tó kọjá, ìyàwó ọmọ mi bímọ. Wọ́n gbé ọmọ náà fún mi nínú bùláńkẹ́ẹ̀tì funfun kan tí wọ́n ya àwòrán béárì sí lára. Ó dára, n ò ní parọ́. Mo ṣàdúà fún ọmọ, mo kí ìyá rẹ̀ kú ewu. Mo yí aṣọ náà síhìn-ín, mo yí i sọ́hùn-ún.

"Màmá, kí lẹ ń wá?"

Mo gbé ọmọ rẹ̀ lé e lọ́wọ́, mo wọ yàrá mi, mo ṣí àpótí aṣọ mi, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá sísọ́ọ̀sì.