Ìdajì Ehoro

Nílé wa ní Jọ́ọ̀sì, oríṣi ẹran méjì ni wọ́n mọ̀: èyí tó ń yé ẹyin àti èyí tó ń wọ ìkòkò. Ehoro mi kò sí nínú méjèèjì. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ fi di wàhálà lọ́dún tí bàbá mi gba ìsinmi láti lọ sílé.

Akọ̀wé rélùwéè ni bàbá mi. Ọmọ Òṣogbo lòun àti ìyá mi, ṣùgbọ́n Jọ́ọ̀sì ni wọ́n bí èmi sí, nínú òtútù àti eruku ọyẹ́. Bàbá mi ní ọ̀rẹ́ kan ní Bùkúrù tó ń se oúnjẹ fún òyìnbó tó ń wa kùsà, òyìnbó náà sì ń sin ehoro nínú àgò onígi lẹ́yìnkùlé. Ọjọ́ kan tí a lọ kí ọ̀rẹ́ bàbá mi yìí ló fún mi ní ọmọ ehoro kan. Ó kéré débi pé inú àpò ẹ̀wù òtútù bàbá mi ni mo gbé e sí bọ̀ wálé. Funfun ni, àfi etí rẹ̀ kan tó dúdú. Mo sọ ọ́ lórúkọ, ṣùgbọ́n orúkọ náà wà láàárín èmi àti òun, mi ò sì ní kọ ọ́ síbí.

Mo fẹ́ràn ehoro yẹn ju bó ṣe yẹ lọ, ojú ò sì tì mí láti sọ ọ́. Bí mo bá ti ilé ìwé dé, ewé ọ̀dùnkún ni mo kọ́kọ́ ń wá já fún un kí n tó wá oúnjẹ tèmi. Ìyá mi a ní, "Ọmọ yìí, ṣé ìwọ lo bí i ni?" Bàbá mi a wò ó láti òkè dígí ojú rẹ̀, a sì bi mí pé, "Ìgbà wo ló máa tó pa?" Inú máa ń bí mi sí ìbéèrè yẹn. Lálẹ́ irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, bí mo bá fẹ́ kí bàbá mi pé ó dàárọ̀, orúnkún kan péré ni mo ń fi kúnlẹ̀.

Ìgbà Kérésì ni ìsinmi náà bọ́ sí. Gbogbo ilé ń yọ̀, ìyá mi ti ń di ẹrù, kó tó di pé mo bèèrè ohun tí ẹnikẹ́ni ò rò.

"Haba, Mama, ehoro mi ńkọ́?"

Bàbá mi ló dáhùn. "Bí a bá gbé ẹran dé Òṣogbo lọ́sẹ̀ Kérésì, ta ló máa gbà pé kì í ṣe ọbẹ̀ la gbé e wá fún? Ká tó sọ ẹrù kalẹ̀, ìyá mi á ti gbé omi kaná."

Òótọ́ ló sọ. Ẹni tó bá ti Òkè Ọya dé lásìkò ọdún, ọwọ́ rẹ̀ ni gbogbo ẹbí kọ́kọ́ ń wò. Bí wọ́n bá rí ehoro lọ́wọ́ mi, wọn á gbà á, wọn á dúpẹ́, wọn á sì wá ọ̀bẹ. Ó ku ká wá ẹni tí yóò bá mi tọ́jú rẹ̀ títí a ó fi dé.

Mo kọ́kọ́ gbé e lọ bá màígádì tó ń ṣọ́ ọgbà wa. Ọkùnrin náà rọra fi ọwọ́ tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ bí ẹni ń yẹ iṣu wò lọ́jà. "Kai!" ló wí. "Nama ne wannan!" Ó ní ẹran gidi lèyí. Mo gba ehoro mi lọ́wọ́ rẹ̀, mi ò tiẹ̀ rántí sọ pé ó dàbọ̀.

Lẹ́yìn náà ni ìyá mi mú mi lọ sọ́dọ̀ ìyàwó akọ̀wé kan tó ń gbé iwájú ilé wa. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Ẹ fi sílẹ̀ fún wa, a ó tọ́jú ẹ̀ dáadáa." Ọkàn mi balẹ̀. À ń dìde láti máa lọ ló bá bi ìyá mi pé ṣé ehoro máa ń lọ́ràá àbí èèyàn ní láti fi epo kún un. Ìyá mi fà mí lọ́wọ́ jáde.

Nígbà tí a délé, mo jókòó ti àgò ehoro mi, mo ní èmi ò lọ sí Òṣogbo mọ́. Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́, èmi ò sì dákẹ́ rárá. Mo ké débi pé bàbá mi gbé àga rẹ̀ jáde lọ sábẹ́ igi.

Ìyá mi ló wá ronú kan ọ̀sìn.

Nílé lọ́dọ̀ wa, bí o bá ní ewúrẹ́ tí o kò ráyè tọ́jú, o lè gbé e fún ẹlòmíràn sìn. Onítọ̀hún ni yóò máa bọ́ ọ, nígbà tó bá sì bímọ, ẹ ó jọ pín ọmọ. "Ta ló máa pa ẹran jẹ nígbà tó ń retí ọmọ lára rẹ̀?" ni ìyá mi wí, inú rẹ̀ dùn sí ọgbọ́n ara rẹ̀. Bàbá mi gbé àga rẹ̀ padà wọlé. Ó ní ó dára bẹ́ẹ̀.

Ìyá àgbà kan ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà wa, ará Ògbómọ̀ṣọ́. Òun àti ọkọ rẹ̀ ló jọ wá ṣòwò sí Jọ́ọ̀sì. Ọkọ ti kú, àwọn ọmọ ti lọ sílé ọkọ, òun nìkan ló kù nínú yàrá kan, tó ń yan ẹ̀pà tà. Kì í rẹ́rìn-ín sọ́mọdé. Bí bọ́ọ̀lù wa bá bọ́ sí àgbàlá rẹ̀, a máa ń gbà pé bọ́ọ̀lù ti lọ nìyẹn. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni àwọn òbí mi wá mú mi lọ! Bàbá mi wọ agbádá lọ, nítorí ọ̀rọ̀ àdéhùn ni.

"Ìyá wa," ló wí, "ẹran kan la fẹ́ kí ẹ bá wa sìn."

Ìyá àgbà wo ehoro. Ó wò mí. Ó tún wo ehoro. "Ṣé abo ni?"

"Abo ni," ni ìyá mi dáhùn kíá. "Ẹ ò rí bí ó ṣe tutù? Ẹ wo ojú ẹ̀."

Gbogbo wọn wo ojú rẹ̀. Bó bá jẹ́ ewúrẹ́ ni, kò sí èyí tí kò mọ ibi tó yẹ kó wò nínú wọn. Ṣùgbọ́n ehoro yìí, irun ni gbogbo ara rẹ̀, gbogbo àgbà tó wà níjókòó sì gba ìyá mi gbọ́.

"Ó dáa," ni ìyá àgbà wí. "Mo máa gbé e lọ bá akọ ní Bùkúrù, lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ yín yẹn. Bó bá bí, a ó pín ọmọ dọ́gba-dọ́gba. Bó bá kú, ẹ ó rí awọ ẹ̀, kí ẹ má baà rò pé mo tà á. Bí kò bá wá bí, a ó pín òun fúnra ẹ̀ sí méjì. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé nìyẹn."

"Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é," ni bàbá mi wí, ó sì ká apá agbádá rẹ̀ lé èjìká.

Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn kò tẹ́ mi lọ́rùn. Mo la ẹnu láti sọ̀rọ̀, ìyá mi já mi léèékánná lẹ́yìn. Nígbà tí a jáde, ó ní, "Ta ló sọ fún ẹ pé ehoro máa ń yàgàn?"

A wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Òṣogbo. Kérésì náà dùn, mi ò ní purọ́. Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí, nítorí bí wọ́n bá pè mí, "Na'am" ni mo fi ń jẹ́ wọn. Ìyá bàbá mi sọ mí ní Gàm̀bàrí, ó sì ń fi ẹran sí àwo Gàm̀bàrí rẹ̀ ju ti àwọn yòókù lọ. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹran tó bá ti funfun nínú ọbẹ̀ ni mo ń ti sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìyá bàbá mi ṣàkíyèsí, ó bi mí, mo sì tú gbogbo rẹ̀ fún un.

"Àgbàlagbà tó bá gba ọ̀sìn kì í yẹ àdéhùn," ló wí. "Fọkàn balẹ̀."

Mo fọkàn balẹ̀. Ìgbà tí mo wá rántí bí àdéhùn náà ṣe parí ni mo tún ti ẹran sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo.

Ọjọ́ tí a padà dé Jọ́ọ̀sì, ọyẹ́ ń fẹ́ gidigidi. Mi ò dúró kí wọ́n sọ ẹrù tán tí mo fi sáré lọ sí ọgbà ìyá àgbà. Àgò ehoro mi wà níta. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀.

Ìyá àgbà jókòó lórí àpótí, ó ń pa ẹ̀pà. Mo kúnlẹ̀, orúnkún méjèèjì lọ́tẹ̀ yìí. "Ẹ kúulé o, Mama."

"O káàbọ̀. Lọ pe bàbá ẹ àti ìyá ẹ wá. Ẹran yín ti dójú tì mí."

Nígbà tí wọ́n dé, ìyá àgbà kò jẹ́ kí wọ́n jókòó kó tó bẹ̀rẹ̀. Ó ní òun gbé ehoro sínú agbọ̀n, òun wọ lọ́rì lọ sí Bùkúrù. Wọ́n fi í sínú àgò pẹ̀lú akọ. Kí òun tó tún gèlè òun ṣe, ìjà ti bẹ́ sílẹ̀, irun ń fò kiri. Ọ̀rẹ́ bàbá mi fa ehoro wa jáde, ó yí ikùn rẹ̀ sókè, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ló bá jókòó sílẹ̀ tó ń rẹ́rìn-ín.

"Ó ní, 'Ìyá, akọ lẹ gbé wá fún akọ!' Níwájú gbogbo èèyàn! Èmi, àgbàlagbà!"

Bàbá mi yíjú sí ìyá mi. Ìyá mi ń wo òrùlé.

"Bó bá tiẹ̀ gun abo ẹlòmíràn," ni ìyá àgbà ń bá lọ, "ẹni tó ni abo ló ni ọmọ. Kí ni tèmi níbẹ̀? Àdéhùn ni àdéhùn, bàbá ọmọ. Ẹran tí kò bá bí, a ó pín in sí méjì."

Bàbá mi kì í yẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀, ní ibi iṣẹ́ ni o, ní ṣọ́ọ̀ṣì ni o. Ó wolẹ̀. Ó ní, "Òótọ́ ni, Ìyá. Bẹ́ẹ̀ la ṣe sọ ọ́."

Ẹkún tí mo bú sí, ó dá mi lójú pé wọ́n gbọ́ ọ títí dé àdúgbò Hwolshe lọ́hùn-ún. Mo dìde dúró níwájú àgbà, mo ní, "Kò sẹ́ni tó máa pín nǹkan kan! Èmi ni mo ni í!" Ìyá mi ti gbé ọwọ́ sókè láti gbá mi létí.

"Ẹ fi í sílẹ̀, ìyàwó," ni ìyá àgbà wí. Ó dìde, ó di orúnkún rẹ̀ mú. "Wá, ìwọ tó ni í. Wá wo ìdajì tìẹ."

Ó ṣí ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ehoro mi ló nà gbalaja sórí ibùsùn, ó sanra, wọ́n fi kíjìpá tó nípọn bò ó dé ọrùn. Etí dúdú rẹ̀ ti ya díẹ̀ níbi tí akọ Bùkúrù ti bù ú jẹ, wọ́n sì ti fi òrí pa á.

Ìyá mi ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ìyá, ṣé orí bẹ́ẹ̀dì yín ló ń sùn?"

"Níbo lẹ fẹ́ kó sùn? Ṣé ẹ ò rí ọyẹ́ ni?" Kò wo ojú ẹnikẹ́ni. "Mi ò ní pa á. Ta ló fẹ́ pa á? Ṣùgbọ́n mi ò ní fi ìdajì tèmi sílẹ̀ o. Àdéhùn ni."

Ìyá mi rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí ẹ̀pà. Bàbá mi ló wá bá wa parí rẹ̀. Ó ní láti àárọ̀ títí ilé ìwé yóò fi jáde, ti ìyá àgbà ni ehoro. Bí mo bá ti ilé ìwé dé, tèmi ni. Ìyá àgbà ní ó tẹ́ òun lọ́rùn. Èmi náà ní ó tẹ́ mi lọ́rùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó bi mí.

Bí ehoro mi ṣe di ọkọ ìyàwó méjì nìyẹn. Bí mo bá lọ gbé e lọ́sàn-án, ìyá àgbà a ní mi ò fún un ní ewé tó lálẹ́ àná. Bí mo bá gbé e padà láàárọ̀, èmi náà a ní ẹ̀pà tó fún un ti pọ̀ jù. A jọ máa ń jà lórí rẹ̀ lójoojúmọ́, ìjà náà sì dùn mọ́ àwa méjèèjì. Ẹ̀rù rẹ̀ ò bà mí mọ́. Òun náà ò gba bọ́ọ̀lù mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ṣì ń bú wa. Bí màígádì bá bi í pé ìgbà wo ni nama yìí máa wọ ìkòkò, a dá a lóhùn pé, "Sai hankuri, ṣe sùúrù, ìdajì tèmi ò tíì gbó." Nígbà tí ìsinmi bàbá mi mìíràn tún dé, kò sẹ́ni tó bèèrè ta ló máa tọ́jú ehoro. Ìyá àgbà ti wà lẹ́nu ọ̀nà wa pẹ̀lú agbọ̀n.

Mo ti dàgbà díẹ̀, mo sì ti fẹ́ parí ilé ìwé, nígbà tí ehoro wa darúgbó tó sì kú. Àárọ̀ ló kú, nínú ìdajì ti ìyá àgbà. Ìgbà tí mo ti ilé ìwé dé, mo bá a tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó gbé kíjìpá rẹ̀ sórí ẹsẹ̀. Àwọn aládùúgbò ti ń sọ fún un láti àárọ̀ pé kó gbé ẹran kú jù nù. Ó ti ní kí wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ sí ẹ̀yìn ilé, ṣùgbọ́n kò gbà kí wọ́n gbé e síbẹ̀.

Ó ṣí aṣọ náà fún mi. Gbogbo irun rẹ̀ ló pé, títí dé etí tó ya.

"A sọ ọ́ pé bó bá kú, ẹ ó rí awọ ẹ̀," ló wí. "Wò ó dáadáa."

Mo wò ó. Ó tún aṣọ bò ó, ó sì nu ojú ara rẹ̀.

"Mi ò lè sin ìdajì tìẹ fún ẹ. Mo ti ń dúró dè ẹ́."

Mo di ìgbátí kíjìpá kan mú, ó di èkejì mú, a sì jọ gbé e lọ sẹ́yìn ilé.