Abẹ́rẹ́ Tí Kì í Kúrò Láàárín

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ òótọ́: ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin mọ iṣẹ́ rẹ̀ ju ẹnikẹ́ni tí mo tíì rí lọ. Inú ń bí mi sí i, àmọ́ mi ò ní torí ìyẹn purọ́ mọ́ ọn. Tí wọ́n bá tú ẹ́ńjìnì ọkọ̀, tí wọ́n tún un tò kó lè lágbára sí i, òun ni wọ́n máa ń gbé e wá bá, kó lè tún àwọn géèjì inú ọkọ̀ náà ṣe. Ẹ́ńjìnì tó ti yí padà kì í bá géèjì àtijọ́ sọ̀rọ̀ mọ́. Èyí tó ń ka eré á máa sọ pé ọgọ́ta lẹ̀ ń sá, nígbà tó jẹ́ àádọ́rin ni. Èyí tó ń ka epo ẹ́ńjìnì á máa gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe. Ọ̀gá Géèjì làwọn èèyàn ń pè é. Èmi ń pè é ní Bọ̀ọ̀dá mi, torí òun ló tọ́ mi lẹ́yìn tí bàbá wa kú.

Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ò ju yàrá kan lọ, òrùlé rẹ̀ sì ń jò. Tábìlì onígi kan ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú sítóòfù kékeré, ìkòkò kan tí ìdí rẹ̀ ti dúdú, àti ìwọ̀n ìgbóná onígíláàsì tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn. Géèjì ìgbóná ni kì í fi ṣeré rárá. Ohun kékeré kan wà lára ẹ́ńjìnì tó ń sọ fún abẹ́rẹ́ géèjì bí omi inú rẹ̀ ṣe gbóná tó. Sẹ́nsọ̀ ni wọ́n ń pè é. Yóò tú sẹ́nsọ̀ yìí, yóò jù ú sínú ìkòkò omi, yóò sì dáná sí i nídìí. Bí omi ṣe ń gbóná, yóò wo gíláàsì, yóò wo abẹ́rẹ́. Tí ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì ò bá tíì ṣọ̀kan, kò ní jẹun. Ìṣojú ẹni tó ni ọkọ̀ ló sì ti máa ń sè é, kò sẹ́ni tó máa ń yọ̀ǹda fún kó lọ jókòó síta.

Àwọn oníbàárà á máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́. "Ọ̀gá, ṣé ó ti jinná? Ẹ bu iyọ̀ sí i o!"

Á ní, "Ẹni tí ò bá dúró kó jinná, ojú ọ̀nà ló ti máa jẹ ẹ́ ní tútù."

Tó bá so wáyà tán, á fi téèpù dúdú wé e, á wá ṣẹ́ ẹnu téèpù yẹn po díẹ̀, kí ẹni tó bá fẹ́ tú u lọ́jọ́ iwájú má bàa máa fi èékánná ha á. Mi ò rí ẹlòmíì tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ rí.

Èmi, bí mo ṣe jẹ́ obìnrin yìí, ọkọ̀ akérò ni mò ń wà. Èrò mọ́kànlá ló ń gbà. Òkè kan wà lójú ọ̀nà mi tí ọkọ̀ yẹn kì í lè gùn tó bá ti kún. Àwọn èrò á sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á máa fẹsẹ̀ rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọ́n á sì máa bú mi lọ. Obìnrin kan tiẹ̀ ní òun ò mọ̀ pé owó ìrìnsẹ̀ lòun san. Ọkọ̀ yẹn nìkan ni mo ní láyé. Òun ni mo fi ń bọ́ ara mi, òun ni mo fi ń bọ́ ìyá wa. Tó bá kú, oúnjẹ wa tán nìyẹn.

Bọ̀ọ̀dá mi wá ní ọ̀rẹ́ kan, mẹkáníìkì tó mọ bí wọ́n ṣe ń fún ẹ́ńjìnì lágbára. Ìjì là ń pè é, nítorí ariwo rẹ̀ àti ìkánjú rẹ̀. Ìjì ní kí n gbé ọkọ̀ wá, mo gbé e lọ, ó sì ṣe é lóòótọ́. Ọkọ̀ tó máa ń mí hẹlẹhẹlẹ wá ń gun òkè bí ewúrẹ́! Mo ti ibẹ̀ gbé e lọ sọ́dọ̀ Bọ̀ọ̀dá mi kó lè tún àwọn géèjì rẹ̀ ṣe. Ó ní kí n lọ kí ìyá wa nílé ná, kí n padà wá lọ́sàn-án. Nígbà tí mo máa dé, ó ti ń de dáṣíbọ́ọ̀dù padà.

"Ẹ ti sè é ni?"

"Mo ti sè é."

"Ẹ ò sì dúró kí n wò ó?"

"Ṣé o fẹ́ wá kọ́ mi níṣẹ́ ni, àbúrò mi?" Ó rẹ́rìn-ín.

Èmi náà rẹ́rìn-ín. Òmùgọ̀ lásán-làsàn! Àmọ́ ta ló ń béèrè ẹlẹ́rìí lọ́wọ́ ẹni tó tọ́ ọ dàgbà?

Lọ́jọ́ kejì, Ìjì mú ọ̀gá kan wá, ẹni tó ń bójú tó bọ́ọ̀sì méjìlá ní ilé-ìwé ńlá kan. Ó fẹ́ rí ọkọ̀ tí Ìjì ti ṣe kó tó gbé tirẹ̀ fún un. Ó jókòó tì mí níwájú, a gun òkè yẹn, ojú rẹ̀ ò kúrò lára géèjì ìgbóná. Abẹ́rẹ́ dúró láàárín gbáko. "Kò tiẹ̀ gbóná rárá!" ló ń wí. Ó gbà, Ìjì jó, Bọ̀ọ̀dá mi náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Inú mi dùn sí wọn bí ẹni pé èmi ni mo gbaṣẹ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń wa ọkọ̀ yẹn kiri. Lọ́jọ́ kan tí mo kó èrò kún, a dé àárín òkè, mo gbóòórùn bíi ti ṣúgà tó ń jóná. Bàbá àgbà kan tó jókòó lẹ́yìn mi ní, "Ìyá, nǹkan ń jó níbí o." Mo wo abẹ́rẹ́. Àárín ló wà. Mo ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, Bàbá. Ẹ̀gbọ́n mi ló tún géèjì yìí ṣe." Ohun tí mo sọ jáde lẹ́nu nìyẹn, tìgbéraga-tìgbéraga.

Kò pẹ́ tí ẹ́ńjìnì fi dún gbàù. Oru funfun bo gíláàsì iwájú, mi ò rí ọ̀nà mọ́. Ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀yìn rìn sọ̀ kalẹ̀. Àwọn èrò ń ké, èmi náà ń ké, mo fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ bíréèkì. Igi kan lẹ́bàá ọ̀nà ló gbà wá dúró. Apá bàbá àgbà yẹn ṣẹ́. Àwa yòókù, Ọlọ́run ló yọ wá.

Wọ́n wọ́ ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ oníṣẹ́ iná ọkọ̀ kan nítòsí. Ẹ́ńjìnì ti jó kọjá àtúnṣe. Ohun tó ń ya ọkùnrin yẹn lẹ́nu ni pé abẹ́rẹ́ ò sọ nǹkan kan, ló bá tú dáṣíbọ́ọ̀dù. Ó fa wáyà kan jáde, ó fi ohun kan hàn mí tí kò ju hóró ìrẹsì lọ.

"Ta ló ṣe èyí fún yín? Èyí ni wọ́n fi ń dín iná tó ń lọ sára abẹ́rẹ́ kù. Bó ti wù kí ẹ́ńjìnì yín gbóná tó, àárín ni abẹ́rẹ́ á máa wà. Kì í ṣe àṣìṣe o, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni."

Téèpù dúdú ló wà lára rẹ̀. Mo wo ẹnu téèpù náà. Wọ́n ti ṣẹ́ ẹ po.

Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Mi ò lọ wẹ̀, mi ò lọ jẹun. Mo gba ṣọ́ọ̀bù Bọ̀ọ̀dá mi lọ tààrà, mo sì ju ohun bíńtín yẹn sórí tábìlì rẹ̀.

"Ta ló fi nǹkan yìí sínú ọkọ̀ mi?"

Ó mú un sọ́wọ́. "Èmi ni."

Ká ní ó tiẹ̀ purọ́ ni, ì bá sàn fún mi! Ó ní nígbà tí òun wà á wò, òun rí i pé ẹ́ńjìnì yẹn ń gbóná jù, pé radiétọ̀ tó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ló nílò. Ó ní Ìjì bẹ òun pé kí òun de abẹ́rẹ́ mọ́ àárín títí ọ̀gá ilé-ìwé yẹn á fi wò ó lọ. Bọ́ọ̀sì méjìlá, ṣọ́ọ̀bù tuntun tí òrùlé rẹ̀ ò jò.

"Tó bá ti wò ó tán ni mo fẹ́ yọ ọ́. Nígbà tó yá, ojú wá ń tì mí láti sọ fún ọ."

"Ojú ń tì yín láti sọ fún mi, ojú ò tì yín kí n kú?" Ariwo mi ti kó èèyàn jọ síta. "Ọ̀gá ilé-ìwé yẹn, mo ti ránṣẹ́ sí i láti ọ̀nà pé ẹ́ńjìnì náà ti jó. Ẹ lọ sọ fún Ìjì!"

Ẹ̀gbọ́n mi bá dọ̀bálẹ̀. Fún èmi àbúrò rẹ̀! Gbogbo gìrìgìrì mi já wálẹ̀. Mo bú sẹ́kún. Mo fẹ́ gbé e dìde kí àwọn ará ìta má rí i bẹ́ẹ̀, kò sì sí irọ́ níbẹ̀, mo ti fẹ́ dárí jì í.

Ìgbà yẹn ni ìyàwó rẹ̀ sáré wọlé, ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Obìnrin dáadáa ni, kò ṣẹ̀ mí rí.

"Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí mi, ẹ ṣàánú rẹ̀. Ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀ láti ọjọ́ yẹn, ojoojúmọ́ ló ń sọ ọ́. Ṣebí òun ló ní kí n máa fẹsẹ̀ mú àwọn ọmọ lọ sílé-ìwé, kí wọ́n má wọ ọkọ̀ yín títí òun á fi yọ nǹkan náà."

Ó rò pé ẹ̀bẹ̀ lòun ń bẹ̀. Àwọn ọmọ yẹn, èmi ni mo máa ń gbé wọn láràárọ̀. Nígbà tí wọn ò yọjú mọ́, wọ́n ní ìyá wọn ló ní ìrìn dára fún ara. Mo ti fi wọ́n rẹ́rìn-ín nígbà yẹn.

Mo wo ẹ̀gbọ́n mi nílẹ̀ tó wà. Kò gbójú sókè. Ọkùnrin yìí, tí wọ́n bá bi í pé ọmọ mélòó ló ní, mẹ́rin ló máa ń sọ, bẹ́ẹ̀ mẹ́ta péré ni ìyàwó rẹ̀ bí. Èmi ló ń kà mọ́ wọn.

Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, ọmọ mélòó lẹ ní?"

Ìyàwó rẹ̀ wò mí, ó wo ọkọ rẹ̀, ó sì fọwọ́ bo ẹnu. Mo dúró de èsì ẹ̀gbọ́n mi títí ẹsẹ̀ fi ń ro mí, mo sì gba ilé ìyá wa lọ.