Eré Àwọn Àlejò

Tí mo bá rántí tíṣà tó ń darí eré ìdárayá nílé ìwé wa ní Òṣogbo, kété lẹ́yìn òmìnira, inú ṣì máa ń bí mi.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kì í tètè mọ nǹkan. Ó ti ń hu irùngbọ̀n, kíláàsì kan náà la sì jọ wà. Àmọ́ ó mọ eré é sá. Lọ́jọ́ tí à ń múra eré ìje ọdọọdún, ó sá gba ọ̀nà òdì. Tíṣà fà á létí jáde, ó ní kó máa lọ sílé, kó má padà wá mọ́. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wá bí ojú yóò ṣe ti tíṣà yìí.

Eré àwọn àlejò ló máa ń kẹ́yìn eré ìje wa. Ẹnikẹ́ni tó bá wá wòran lè sá a. Tíṣà náà a máa bá wọn sá, ọdọọdún ló sì ń gba ipò kìíní. Ó gbàgbé pé ẹni tí òun lé nílé ìwé ti di àlejò.

Nírọ̀lẹ́, lẹ́bàá rélùwéè, mo máa ń dúró lókèèrè pe ẹ̀gbọ́n mi, á sì sáré tààrà wá bá mi. Nítorí náà, lọ́jọ́ eré, ẹ̀yìn okùn ìparí ni mo lọ dúró sí. Tíṣà rí ẹ̀gbọ́n mi lórí ìlà, ó ní kó bọ́ síta. Ọ̀gá àgbà bi tíṣà bóyá ọmọ ilé ìwé wa ni. Tíṣà ní rárá.

Ọ̀gá àgbà ní, “Àlejò ni nígbà náà. Ẹ jẹ́ ó sá a.”

Mo pè é. Ó ti já okùn kí tíṣà tó sá dé ìdajì. Àwọn tó ń pè é ní dìndìnrìn ń pàtẹ́wọ́. Ara tù mí pẹ̀sẹ̀, àmọ́ kò tó mi.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, tíṣà wá bá ìyá wa nídìí ìkòkò aró ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ó ní àwọn fẹ́ bá àwọn ọmọ ilé ìwé Iléṣà díje, kí ìyá wa yọ̀ǹda ẹ̀gbọ́n mi fún ọjọ́ kan péré. Mo rọra ti igbá aró sún mọ́ ọwọ́ ìyá wa, bóyá á dà á sí tíṣà lára.

Ìyá wa kò wo igbá náà. Ó ní, “Tíṣà, n ò bí ẹsẹ̀ lọ́tọ̀, kí n bí orí lọ́tọ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó bá yín sáré ní Iléṣà, ẹ mú un padà sí kíláàsì lọ́la.”

Tíṣà wolẹ̀. “Mo ti gbọ́, Ìyá.”

Lọ́jọ́ kejì, tíṣà fúnra rẹ̀ ló gbé bẹ́ńṣì síwájú fún un ní kíláàsì. Ẹ̀gbọ́n mi dọ̀bálẹ̀ kí i, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ti dárí jì í láì bi mí.